Ọ̀rọ̀ Ìdúmàgbò: Òfin Nìkan Kò Lè Gba Ilé Àtijọ́ Là

Ọ̀rọ̀ kan ń bẹ tí ó yẹ kí a bá ara wa sọ kí ó tó di pé kò sí ohun tí a ó máa nàka sí mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ni ti àwọn ilé àtijọ́, àwọn ìgà, àwọn àgbàlá àti àwọn ojúde tí ń bẹ ní Ìdúmàgbò àti ní gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ń wó lọ́kọ̀ọ̀kan, tí ilé ìtajà àti ilé ìkẹ́rùsí sì ń hù ní ipò wọn bí olú.

Nígbàkúùgbà tí a bá dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀, ohun tí à ń gbọ́ lẹ́nu ọ̀pọ̀ ènìyàn ni pé kí ìjọba ṣe òfin. Èrò tiwa yàtọ̀ sí èyí. Òfin ti wà tipẹ́. Òfin náà kò sì gba ilé tí ó lókìkí jù lọ là nígbà tí ọjọ́ burúkú dé. Ohun tí a fẹ́ kí ó yé wa ni pé ilé tí kò bá mú oúnjẹ wá fún àwọn tí ó ni ín, tí ìjọba sì fi òfin dè mọ́lẹ̀ láìbá wọn gbé ẹrù rẹ̀, ilé bẹ́ẹ̀ ti kú kí katapílà tó dé ìdí rẹ̀. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ kí ilé àwọn baba wa yè, àfi kí a wá iṣẹ́ fún un, kí a sì pín ìnáwó rẹ̀ láàrin ara wa.

Kí a tó dé ibẹ̀, ó yẹ kí a mọ ohun tí a ní lọ́wọ́, nítorí ẹni tí kò mọ iye ohun tí ó wà nínú àpò rẹ̀ kì í mọ ìgbà tí olè jà á.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti ibi orúkọ. Bí ènìyàn bá rìn káàkiri Ìsàlẹ̀ Èkó, yóò gbọ́ Ìdúmàgbò, yóò gbọ́ Ìdúmọ̀tà, yóò gbọ́ Ìdúntáfà, yóò sì rí i pé bí ọmọ ìyá kan náà ni àwọn orúkọ wọ̀nyí rí. Ẹni tí ó gbọ́ èdè Ẹ̀dó yóò sọ fún un pé “ìdùmù” ni àwọn ará Bìní ń pe àdúgbò. Èyí kò yani lẹ́nu, nítorí gbogbo wa ni a mọ̀ bí ìdè ti lágbára tó láàrin adé Èkó àti ti Bìní láyé àtijọ́. Ìgà ọba wa pàápàá, Ìgà Ìdúngànràn, àwọn àgbà a máa túmọ̀ orúkọ rẹ̀ sí ààfin tí a kọ́ sórí oko ata, èyí tí í ṣe oko Arómirẹ́. Ata náà kò sí mọ́. Àwọn oníṣòwò Pọtogí tí wọ́n bá ọba tún ìgà náà kọ́ kò sí mọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ ṣì ń bẹ níbẹ̀, ó ń sọ fún ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ pé Ìdẹ́jọ ni ó ni ilẹ̀, ọba ni ó ni adé, àwọn méjèèjì sì jọ ń gbé ìlú pọ̀.

Lẹ́yìn orúkọ ni ilẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń tajà ní ọ̀nà Ìdúmàgbò lónìí kò mọ̀ pé omi ni apá kan ibi tí wọ́n dúró sí. Àwọn àwòrán ilẹ̀ Èkó ti ọ̀rúndún kọkàndínlógún fi ọ̀sà kékeré kan hàn níhìn-ín, tí a ń pè ní ọ̀sà Ìdúmàgbò, tí ó ya láti inú ọ̀sà ńlá wọ àárín ìlú. Nígbà tí William MacGregor jẹ́ gómìnà, láti 1899 títí di 1904, òun tí í ṣe oníṣègùn kí ó tó di gómìnà, ó gbé ogun ti ẹ̀fọn àti ibà. Ó la odò tí a fi orúkọ rẹ̀ pè láàrin Èkó àti Ìkòyí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í di àwọn àbàtà. Láyé ìjọba àwọn òyìnbó náà ni a di ọ̀sà Ìdúmàgbò tí ó fi di ilẹ̀. Síbẹ̀, omi kò gbàgbé ọ̀nà rẹ̀. Nígbà tí òjò bá le, ibi tí ó ti ń gbé tẹ́lẹ̀ ni ó máa ń padà wá, débi pé ìjọba ní láti kọ́ ibùdó ẹ̀rọ tí ń fa omi sí Ìdúmàgbò.

Ẹ rí i pé ìtàn kì í ṣe ọ̀rọ̀ àròbá tí a fi ń mú ọmọdé sùn. Agbáṣẹ́ṣe tí ó mọ ìtàn Ìdúmàgbò yóò mọ ibi tí ilẹ̀ gbé jẹ́ ilẹ̀ àti ibi tí ilẹ̀ gbé jẹ́ ìdọ̀tí àti iyanrìn tí a fi di omi, kí ó tó fi ìpìlẹ̀ ilé alájà mẹ́rin lélẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n yóò kọ́ ọ, òjò ni yóò sì wá kọ́ ọ lọ́gbọ́n.

Bí a bá kúrò lórí ọ̀rọ̀ omi, ẹ wo iye ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ibi tí kò ju ìrìn díẹ̀ lọ sí Ìdúmàgbò. Ẹnu-Ọ̀wá wà nítòsí, níbi tí a ti ń ṣe ètò ìwúyè fún ọba Èkó. Ní ọdún 1845, láàrin àwọn àgbàlá wọ̀nyí ni Kòsọ́kọ́ àti àbúrò bàbá rẹ̀, Ọba Akíntóyè, ti jagun tí a ń pè ní Ogun Olómìíró, tí Akíntóyè sì fi ìlú sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì dé, wọ́n fi ìbọn àgbá ya ìlú, apá ńlá nínú Èkó sì jóná. Ogun náà ni àwọn baba wa sọ ní Àgídìǹgbì nítorí ìró ìbọn náà. Akíntóyè padà sórí oyè, ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1852 ó sì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé òwò ẹrú dópin. Ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹjọ ọdún 1861, ọmọ rẹ̀, Ọba Dòsùnmú, fọwọ́ sí ìwé tí ó sọ Èkó di ti Ọbabìnrin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí ọkọ̀ ogun wà ní ojú omi tí ó kọjú ìbọn sí ìlú. Òpópó Docemo tí ẹ ń gbà kọjá lójoojúmọ́, orúkọ Dòsùnmú ni, gẹ́gẹ́ bí àwọn òyìnbó ti kọ ọ́ sínú ìwé.

Ọdún kan lẹ́yìn náà, ní 1862, àwọn tí wọ́n bá Kòsọ́kọ́ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́ padà wálé. Ọṣọ́dì Tápà, ọmọ Nupe tí ó dé Èkó gẹ́gẹ́ bí ẹrú tí ó sì di olórí ogun, ni ó kó wọn jókòó sí ibi tí a ń pè ní Ẹ̀pẹ̀tẹ̀dó, nínú àgbàlá 21. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ àwọn àgbàlá wọ̀nyí le débi pé ẹjọ́ rẹ̀ dé iwájú Ìgbìmọ̀ Ọba ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1930, òfin kan sì jáde lé e lórí ní 1947. Ní Ẹ̀pẹ̀tẹ̀dó kan náà, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1994, ni Olóyè M. K. O. Abíọ́lá ti dúró láàrin àwọn ènìyàn tí ó kéde pé òun ni ààrẹ tí a dìbò yàn. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má rò pé ìtàn Ìsàlẹ̀ Èkó parí nígbà tí òyìnbó dé, tàbí nígbà tí òyìnbó lọ. Orí ilẹ̀ kan náà ni a ń kọ ewé rẹ̀ sí, ọ̀kan lórí èkejì.

Bí ènìyàn bá jáde ní Ìsàlẹ̀ Èkó tí ó kọjú sí ìhà Pópó Àgùdà, yóò rí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí ilẹ̀ Bràsíìlì, tí wọ́n rà ara wọn padà, tí wọ́n sì padà wálé. Wọ́n mú iṣẹ́ bíríkìlà àti iṣẹ́ káfíńtà bọ̀. Àwọn ni wọ́n kọ́ wa ní pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aláràbarà, fèrèsé olórí róbótó, àti òdòdó símẹ́ńtì lára ògiri. Ní òpópó Kakawa ni João Esan da Rocha kọ́ Ilé Omi sí ní 1885, tí a fi ń pè é bẹ́ẹ̀ nítorí kànga rẹ̀ tí àwọn ará ìlú ń ra omi níbẹ̀. Ní òpópó Martins ni Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey wà, èyí tí Alhaji Mohammed Shitta fi owó ara rẹ̀ kọ́, tí a ṣí ní ọjọ́ 4 oṣù Keje ọdún 1894, tí Súlútánì ilẹ̀ Tọ́kì sì tipa rẹ̀ fi oyè Bey dá a lọ́lá. Ẹ kíyèsí i: bíríkìlà Àgùdà, João Baptista da Costa, ọmọ ìjọ Kátólíìkì, ni ó kọ́ mọ́ṣáláṣí náà fún àwọn Mùsùlùmí. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí àwọn ará Èkó ṣe ń bá ara wọn gbé, kò nílò ìwàásù gígùn. Kí ó lọ wo ògiri mọ́ṣáláṣí yẹn.

Wàyí o, kí ni a ti sọnù? Ó pọ̀. Nígbà tí àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri pa ènìyàn púpọ̀ ní Èkó láti 1924, ìjọba dá ìgbìmọ̀ àtúntò ìlú sílẹ̀ ní 1928, Oko-Àwo sì wà lára ibi tí wọ́n kọ́kọ́ wó. Ní 1955 wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í wó àárín ìlú, ilẹ̀ tí ó tó nǹkan bí 70 éékà ni wọ́n fojú sí, wọ́n sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé lọ sí Sùúrùlérè. Ohun tí wọ́n fọ́ níbẹ̀ ju ògiri lọ. Ìyá arúgbó tí ń tajà lẹ́nu ọ̀nà ilé rẹ̀, tí àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń gbé ní yàrá kejì, tí imọlẹ̀ ìdílé wà ní ẹ̀yìnkùlé, a gbé e lọ sí ilé titun níbi tí kò mọ ẹni tí yóò kí. Mọ́ṣáláṣí Ńlá Àárín Ìlú tí a ṣí ní 1913, tí ó dára lójú bí ti Shitta-Bey, wọ́n wó o kí wọ́n tó kọ́ èyí tí a ṣí ní 1988. Afárá Carter ti 1901, tí ó so Ìdúmọ̀tà mọ́ ilẹ̀ òkè, ti fi ipò rẹ̀ sílẹ̀ fún òmíràn tí ó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. A kò sọ pé gbogbo rẹ̀ ni kò yẹ kí ó ṣẹlẹ̀. Afárá tí ó ti gbó kò ṣe é fi ẹ̀mí ènìyàn lé lọ́wọ́, ìjọ tí ó pọ̀ sí i nílò àyè sí i. Ohun tí a ń sọ ni pé a kò kọ orúkọ ohun tí ó lọ sí ibi tí ó ti lọ.

Èyí tí ó dùn wá jù ni ti Ilojo Bar, ní Ojúde Tinúbú. Àwọn Fernandez, tí wọ́n jẹ́ Àgùdà, ni a fi orúkọ wọn pè é ní ìbẹ̀rẹ̀. Ọdún 1855 ni a kọ́ ọ, kí Èkó tó bọ́ sọ́wọ́ òyìnbó. Ní 1956 ìjọba kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí fún gbogbo orílẹ̀-èdè, tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2016, ní ọjọ́ ìsinmi, wọ́n wó o palẹ̀. Ilé náà ti pé ọdún 161. Ọdún 60 ni ó sì lò lábẹ́ ààbò òfin.

Ta ni ó jẹ̀bi? Lójú tiwa, ìbéèrè yìí kọ́ ni ó ṣe pàtàkì jù. Èyí tí ó yẹ kí a bèèrè ni pé: láàrin ọdún 60 yẹn, kí ni òfin ṣe fún ilé náà? Ojú gbogbo wa ni ó ti ń gbó. Ojú gbogbo wa ni igi rẹ̀ ti ń jẹrà, tí ọ̀dà rẹ̀ ń ṣí. Òfin a máa sọ ohun tí onílé kò gbọdọ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n òfin kì í gun òrùlé, òfin kì í ra páànù, òfin kì í san owó bíríkìlà. Ẹni tí a sọ fún pé kó má wó ilé rẹ̀, kó má tún un kọ́ bí ó ti wù ú, kó má tà á bí ó ti fẹ́, tí a kò sì fún ní kọ́bọ̀ kan láti fi tún un ṣe, kí ni a sọ ọ́ dà? A sọ ọ́ di ọ̀tá ilé baba rẹ̀. Yóò jókòó máa retí ọjọ́ tí ilé náà yóò wó fúnra rẹ̀. Bí ó bá pẹ́ jù, yóò bá a wá ọjọ́ kan.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò dá wa lóhùn. Wọ́n á ní, “Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ̀rọ̀ ilé àtijọ́, ṣé ẹ ń gbé inú rẹ̀?” Òótọ́ ni wọ́n sọ, a kò sì gbọdọ̀ fi ọwọ́ rọ́ ọ tì. Ẹ jẹ́ kí a fi àpẹẹrẹ sọ ọ́. Ilé bàbá-ńlá kan wà ní Ìdúmàgbò, ó ní yàrá mẹ́jọ. Àwọn àrọ́mọdọ́mọ tí ó ni ín ti di 60. Mẹ́ta ń gbé inú rẹ̀, 57 ń gbé Mushin, Agége, Ìkòròdú àti ìlú òyìnbó. Òrùlé ń jò. Agbáṣẹ́ṣe dé, ó ní òun yóò kọ́ alájà mẹ́rin, òun yóò máa gba owó ìyá ṣọ́ọ̀bù fún ọdún díẹ̀, lẹ́yìn náà òun yóò dá ilé padà fún ẹbí. Ó kó owó ìkúnlẹ̀ wá, ó sì kan olúkúlùkù. Ta ni yóò dìde láàrin àwọn 57 tí yóò sọ pé kí wọ́n kọ owó nítorí òdòdó símẹ́ńtì lára ògiri? Ebi kì í wọ inú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́.

Àwọn mìíràn á tún ní ilé àtijọ́ léwu. Èyí pẹ̀lú jẹ́ òótọ́. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹta ọdún 2019, ilé alájà kan tí ilé-ìwé wà lókè rẹ̀ wó ní Ìta Fáàjì, nǹkan bí 20 ènìyàn ni ó kú, àwọn ọmọdé sì wà nínú wọn. Kò sí ìtàn kan tí ó níye lórí tó ẹ̀mí ọmọ kan. Ilé tí àwọn onímọ̀ bá yẹ̀ wò tí wọ́n sọ pé kò ṣe é tún ṣe, kí a ya àwòrán rẹ̀, kí a wọn gígùn àti ìbú rẹ̀, kí a wó o wọ́ọ́rọ́wọ́. Ṣùgbọ́n kí a má fi ọ̀rọ̀ yìí tan ara wa jẹ. Ọjọ́ orí nìkan kọ́ ni í pa ilé. Ohun tí ń pa ilé ní Ìsàlẹ̀ Èkó ni ẹrù tí a kò kọ́ ọ fún, àti alájà tí a fi lé alájà láìbèèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó mọ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù Kejìlá ọdún 2012, ilé kan tí wọ́n kó àwọn bángà ọdún Kérésìmesì pamọ́ sí ní òpópó Òjó Gíwá, lẹ́bàá ọjà Jánkárà, bú gbàmù, iná sì ràn dé àwọn ilé tí ó yí i ká. Nígbà tí a bá sọ ilé ènìyàn di ilé ìkẹ́rùsí, àdúgbò ni ó ń san gbèsè rẹ̀.

Kí ni ṣíṣe, nígbà tí a kò lè sọ pé kí ẹbí má jẹun, tí a kò sì fẹ́ kí ilé pa rẹ́? Ìdáhùn wà lọ́wọ́ àwọn baba wa fúnra wọn. Ẹ wo bí àwọn Àgùdà ti kọ́ ilé: ìsàlẹ̀ jẹ́ ṣọ́ọ̀bù, òkè jẹ́ ibùgbé. Ilojo Bar pàápàá, ilé oúnjẹ àti ilé ọtí ni ìsàlẹ̀ rẹ̀. Òwò kì í ṣe ọ̀tá ilé àtijọ́. Òwò ni a tìtorí rẹ̀ kọ́ ọ. A kò bẹ̀bẹ̀ pé kí Ìdúmàgbò di ibi tí ènìyàn ń rìn jẹ́jẹ́ bí inú ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí. Ìdúmàgbò jẹ́ ọjà. Kí ó máa jẹ́ ọjà lọ. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a tún ojú ilé ṣe kí a sì fi í sílẹ̀, kí ṣọ́ọ̀bù wà nísàlẹ̀, kí a kọ́ ohun titun sí ẹ̀yìn bí àyè bá wà, kí ilé lè máa bọ́ àwọn ọmọ rẹ̀ láìjẹ́ pé a gé orí rẹ̀.

Èyí kì í ṣe àlá. Ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ tí ó wà ní Broad Street, níbi tí òyìnbó ti ń ti àwọn ènìyàn wa mọ́lé láti ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ti di Freedom Park ní 2010. Ní ibi tí ẹlẹ́wọ̀n ti ń sunkún, eré àti orin ni a ń gbọ́ níbẹ̀, ènìyàn sì ń fi oúnjẹ títà jẹun. Ní ọgbà rélùwéè ní Ẹbúté-Mẹ́ta, ilé Jaekel, tí a kọ́ ní 1898, ti ń kú lọ kí ẹgbẹ́ Legacy, tí a dá sílẹ̀ ní 1995, tó tún un ṣe. Ó di ibi tí àwọn ènìyàn ń wá wo àwòrán ayé rélùwéè, tí wọ́n sì ń ṣe ìpàdé. Kì í ṣe òfin nìkan ni ó gba ilé méjèèjì là. Iṣẹ́ tí a fún wọn ni ó gbà wọ́n là.

Nítorí náà, a ní ọ̀rọ̀ fún olúkúlùkù.

Fún ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó: òfin owó-orí ilé yín ti yọ ààfin àwọn ọba àti àwọn ìjòyè sílẹ̀. Ẹ ṣeun. Ẹ jẹ́ kí àánú náà nà dé ọ̀dọ̀ ẹbí tí kò ní adé ṣùgbọ́n tí ó tún ilé bàbá-ńlá rẹ̀ ṣe tí kò wó o. Kí ẹni tí ó bá pa ojú ilé àtijọ́ mọ́ rí ìwé àṣẹ gbà kíákíá kí ó sì dín ní owó, kí ẹni tí ó bá fẹ́ wó o rí i pé ọ̀nà tirẹ̀ ni ó gùn. Bí òfin bá ń fi ọwọ́ kan na onílé, kí ó fi ọwọ́ kejì fà á mọ́ra.

Fún àwọn olórí ẹbí: ẹ rántí pé ohun tí ẹ jókòó tì kì í ṣe tiyín nìkan. Ní nǹkan bí 1908, nínú ẹjọ́ Lewis àti Bankole tí ó jẹ́ ẹjọ́ ilé ẹbí kan ní Èkó yìí, ilé-ẹjọ́ fi hàn pé ilé tí baba fi sílẹ̀, ti gbogbo ọmọ ni, ọkùnrin àti obìnrin. Ní 1921 Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, gba ìdájọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù lórí ilẹ̀ Àpápá, lẹ́yìn tí òun àti Herbert Macaulay ti rìnrìn àjò lọ sọ ọ́ níbẹ̀. Ọkùnrin yìí la òkun kọjá kí ilẹ̀ baba rẹ̀ má bàa bọ́ sọ́wọ́ ìjọba láìgba owó tí ó tọ́. Ṣé àwa ọmọ-ọmọ wọn ni yóò wá fi ọwọ́ ara wa ṣe é lórí tábìlì agbáṣẹ́ṣe, láìpe ìpàdé ẹbí? Kí a tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ pe gbogbo ẹbí jọ. Ẹ kọ ìtàn ilé náà sílẹ̀: ẹni tí ó kọ́ ọ, ibi tí ó ti wá, àwọn tí a sin síbẹ̀. J. B. Losi ṣe irú iṣẹ́ yìí fún odindi ìlú nígbà tí ó kọ ìtàn Èkó jáde ní ohun tí ó lé ní 100 ọdún sẹ́yìn. Ìwọ kò lè ṣe é fún ilé kan ṣoṣo bí? Ẹ fi ẹ̀dà kan sí Ìgà, ẹ fi òmíràn sí ilé ìkàwé.

Fún àwọn oníṣòwò: ẹ̀yin ni ẹ ní owó, ẹ̀yin ni ẹ ní ọjọ́. Ibi tí a ti wó ilé tí a kò lè dá padà, ó kéré tán ẹ jẹ́ kí òkúta kan wà lára ògiri titun, kí a kọ sí i pé: ilé lágbájá wà níhìn-ín, ọdún báyìí ni a kọ́ ọ, ọdún báyìí ni a wó o. Owó òkúta náà kò tó èrè ọjọ́ ọjà kan. Ọmọ tí ń ru ẹrù kọjá ní Ìdúmàgbò yóò gbójú sókè, yóò kà á, yóò sì mọ̀ pé àwọn kan ti wà kí òun tó dé.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ ìyàwòrán nínú àpò, ẹ má retí ẹnikẹ́ni. Ẹ jókòó ti àwọn àgbà nígbà tí ẹnu wọn ṣì ń sọ̀rọ̀. Àgbà tí ó kú lọ láìsọ ibi tí ọ̀sà Ìdúmàgbò ti bẹ̀rẹ̀ àti ibi tí ó parí sí, ó ti gbé àwòrán ilẹ̀ kan lọ sí ọ̀run.

Odò tí ó bá gbàgbé orísun rẹ̀, gbígbẹ ni yóò gbẹ. A ti di ọ̀sà Ìdúmàgbò kan. Ẹ má jẹ́ kí a di ìtàn rẹ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí ẹbí kan ní Ìdúmàgbò bá tún ilé bàbá-ńlá rẹ̀ ṣe, tí ó fi ṣọ́ọ̀bù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí ó sì rí i pé owó tí ó ń wọlé tó pín fún àwọn ọmọ, ẹbí kejì yóò ṣe bẹ́ẹ̀ láìjẹ́ pé ọlọ́pàá kan dúró tì í. Ibẹ̀ ni kí ìjọba, àwọn ìjòyè àti gbogbo wa kọ́kọ́ náwó sí: ilé kan péré, kí ó yọrí sí rere, kí gbogbo Ìsàlẹ̀ Èkó fi ojú rí i.

Èkó kò ní bàjẹ́ o.